Oògùn Ìbílẹ̀ Ṣáínà fún Ìrìndọ̀: Èwo Ni Ìwádìí Gbè Lẹ́yìn?

Bí ènìyàn bá wá ohun tí ó lè lò sí ìrìndọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìdáhùn méjì tí ó tako ara wọn ni yóò bá pàdé. Àwọn kan yóò sọ pé ó ti tó ẹgbẹ̀rún méjì ọdún tí àwọn ará Ṣáínà ti ń fi egbòogi wo ìrìndọ̀ sàn, àti pé ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ti fọwọ́ sí i. Àwọn mìíràn yóò sọ pé àgbọ́sọ lásán ni, pé kò sí ẹ̀rí kankan níbẹ̀. Ohun tí ó mú kí ọ̀rọ̀ náà dojú rú ni pé ìhà méjèèjì ní ìwádìí gidi tí wọ́n lè nawọ́ sí. Oríṣiríṣi egbòogi ni wọ́n kó pọ̀ sábẹ́ orúkọ kan tí ń jẹ́ oògùn Ṣáínà, oríṣiríṣi nǹkan ni ó sì ń fa ìrìndọ̀, nítorí náà ẹni tí ó bá fẹ́ mọ òtítọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ béèrè pé egbòogi wo ni wọ́n ń sọ, ta ni wọ́n fún lò, kí sì ni wọ́n fi wé.

Kí ni ìrìndọ̀, ibo ni ó sì ti ń wá?

Ìrìndọ̀ ni kí inú máa ru ènìyàn sókè, kí itọ́ máa dà sí i lẹ́nu, kí oúnjẹ tí ó fẹ́ràn tẹ́lẹ̀ sì máa rí i lára. Èébì ni kí ohun tí ó wà nínú ikùn tú jáde. Àwọn méjèèjì sábà máa ń rìn pọ̀, ṣùgbọ́n ìrìndọ̀ lè mú ènìyàn láti òwúrọ̀ di alẹ́ kí ó má bì rárá, oògùn sì wà tí ó lè dá èébì dúró tí ìrìndọ̀ kò sì ní kúrò lára. Kí òǹkàwé fi ìyàtọ̀ yìí sọ́kàn, nítorí yóò wúlò bí a bá dé orí àwọn ìwádìí.

Ìsàlẹ̀ ọpọlọ, níbi tí ó ti so mọ́ ọ̀pá ẹ̀yìn, ni àṣẹ èébì ti ń wá, ọ̀nà tí ìròyìn sì ń gbà dé ibẹ̀ pọ̀. Bí ohun tí ara kò fẹ́ bá wọ inú ìfun, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan lára ògiri ìfun á tú èròjà tí à ń pè ní serotonin jáde, èyí á sì ta iṣan ìmọ̀lára tí ó gùn láti ikùn dé ọpọlọ jí. Ọ̀nà yìí ni ọ̀pọ̀ oògùn jẹjẹrẹ máa ń gbà mú kí aláìsàn bì. Apá kan tún wà nínú ọpọlọ tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa ṣọ́ ẹ̀jẹ̀, bóyá májèlé wà nínú rẹ̀. Inú etí ni ti ìrìnàjò ti ń bẹ̀rẹ̀: etí á máa sọ pé ara ń mì, ojú tí ó ń wo inú ọkọ̀ á máa sọ pé ohun gbogbo dúró jẹ́ẹ́, ọpọlọ kò sì ní mọ èyí tí yóò gbà gbọ́. Ní ti aboyún, ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní ìparí ọdún 2023 fi hàn pé hómònù kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ GDF15, tí púpọ̀ nínú rẹ̀ ń wá láti ọ̀dọ̀ ọmọ inú àti ibi ọmọ, wà lára ohun tí ó ń fa èébì líle nínú oyún. Oògùn tí ó bá dí ọ̀nà ìfun lè ṣàì ṣe nǹkan kan fún ẹni tí ìrìndọ̀ tirẹ̀ ti inú etí wá.

Báwo ni ìṣègùn ìbílẹ̀ Ṣáínà ṣe ṣàlàyé rẹ̀?

Àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ Ṣáínà gbà pé agbára kan wà tí ń ṣàn káàkiri ara, qi ni wọ́n ń pè é. Qi ti ikùn gbọ́dọ̀ máa sọ̀ kalẹ̀ kí oúnjẹ lè bá a lọ sí ìsàlẹ̀. Bí ó bá ṣẹ́rí padà tí ó ń gòkè, ìrìndọ̀, èébì àti òsúkè ni yóò tẹ̀lé e. Iṣẹ́ oògùn ni láti dá a padà sí ìsàlẹ̀. Àwọn kan nínú àwọn òǹkọ̀wé òde òní máa ń gbìyànjú láti sọ qi di serotonin tàbí iṣan ìmọ̀lára, èmi kò sì rò pé èyí ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, nítorí kò sí ẹ̀rọ tí ó tíì wọn qi rí. Ohun tí ìdánwò lè sọ fún wa ni bóyá ara ẹni tí ó lo egbòogi náà balẹ̀ ju ti ẹni tí kò lò ó lọ, ohun yòówù kí àlàyé tí ó wà nídìí rẹ̀ jẹ́.

Zhang Zhongjing, oníṣègùn tí ó gbé ayé ní ìparí ìjọba Han, ní nǹkan bí 1,800 ọdún sẹ́yìn, ni wọ́n gbà pé ó kọ àwọn àpòpọ̀ tí wọ́n ṣì ń lò dòní sílẹ̀. Nínú ìwé tí à ń pè ní Jin Gui Yao Lüe ni Xiao Ban Xia Tang ti wá, àgbo tí ohun méjì péré wà nínú rẹ̀: ban xia, ìyẹn egbò kékeré róbótó ti ewéko Pinellia ternata, àti atalẹ̀ tútù. Bí òòyì bá ń kọ́ aláìsàn tí àyà sì ń já a pẹ̀lú, wọn yóò fi fu ling sí i, irú olú kan tí ó ń hù nínú ilẹ̀ lára gbòǹgbò igi páìnì. Àwọn mìíràn tí ó tún wọ́pọ̀ ni chen pi, èèpo ọsàn tanjarín tí wọ́n sá gbẹ tí wọ́n sì tọ́jú pẹ́, àti zhu ru, ìfọ́ tí wọ́n fá lára ọparun.

Oníṣègùn náà kì í fún gbogbo ènìyàn ní ohun kan náà. Bí ó bá rí i pé èébì aláìsàn ṣàn bí omi, tí aláìsàn sì ń fẹ́ ohun gbígbóná, yóò pè é ní ti òtútù, yóò sì fi atalẹ̀ sí i dáadáa. Bí ó bá pè é ní ti ooru, zhu ru ni ó lè mú. Ènìyàn méjì tí ilé ìwòsàn fún ní orúkọ àìsàn kan náà lè gba oògùn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lọ sílé. Èyí wà lára ohun tí ó mú kí ó ṣòro láti dán irú ìṣègùn yìí wò.

Kí ni olùwádìí ní lọ́kàn bí ó bá sọ pé oògùn ṣiṣẹ́?

Ẹni tí ìrìndọ̀ ń ṣe nìkan ni ó lè sọ bí ó ti le tó, ìrìndọ̀ náà sì sábà máa ń lọ fúnra rẹ̀. Ti oyún máa ń rọlẹ̀ lára ọ̀pọ̀ obìnrin lẹ́yìn oṣù kẹta tàbí ìkẹrin, ohun yòówù tí aboyún bá sì ń mu lọ́sẹ̀ tí ó rọlẹ̀ ni yóò gba ìyìn. Ìgbẹ́kẹ̀lé nìkan, pé ènìyàn ti lo oògùn, tún lè mú kí inú rọ ènìyàn.

Nítorí èyí ni àwọn olùwádìí fi máa ń lo oògùn òfìfo, ìyẹn kápúsù tí ó jọ ojúlówó ní gbogbo ọ̀nà ṣùgbọ́n tí kò sí egbòogi nínú rẹ̀. Gègé ni wọ́n máa fi ń pín àwọn aláìsàn sí ìhà méjì, aláìsàn àti nọ́ọ̀sì tí ó ń tọ́jú rẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ mọ ẹni tí ó gba èwo títí ìwádìí yóò fi parí. Bí àwọn tí ó lo ojúlówó bá sàn ju àwọn tí ó lo òfìfo lọ ní ìwọ̀n tí kò lè jẹ́ kòńgẹ́, nígbà náà ni a lè sọ pé oògùn náà ṣiṣẹ́.

Èyí rọrùn bí egbòogi bá jẹ́ ẹyọ kan. Bí ó bá di àpòpọ̀ mẹ́fà tàbí mẹ́jọ, ọ̀rọ̀ rẹ̀ dà bí ti ọbẹ̀ tí ó dùn: ẹni tí ó tọ́ ọ wò mọ̀ pé ó dùn, ṣùgbọ́n kò lè fi ìtọ́wò náà mọ̀ bóyá irú ni ó ṣiṣẹ́ náà, tàbí edé, tàbí iyọ̀, tàbí pé gbogbo wọn gbọ́dọ̀ wà pọ̀.

Ṣé atalẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́?

Nínú gbogbo egbòogi tí Ṣáínà fi ń wo ìrìndọ̀, atalẹ̀, tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń pè ní jínjà, ni ẹ̀rí rẹ̀ lágbára jù. Òun náà sì ni ó sún mọ́ wa jù, nítorí Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí ó ń gbin atalẹ̀ jù lágbàáyé, gúúsù ìpínlẹ̀ Kaduna ni ó sì ti ń jáde jù. Àwọn èròjà tí ó ń mú kí ó ta lẹ́nu, gingerol àti shogaol, ni àwọn olùwádìí kà sí òṣìṣẹ́ inú rẹ̀. Nínú ilé ìwádìí, wọ́n rí i pé àwọn èròjà wọ̀nyí ń dí ọ̀kan lára àwọn ibi tí serotonin ń bà lé kí ó tó lè ṣiṣẹ́, ibi kan náà tí ondansetron, oògùn tí ilé ìwòsàn ti ń fún àwọn alárùn jẹjẹrẹ láti bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, ń dí, bí agbára wọn kò tilẹ̀ tó ara.

Ní ti oyún, ìwádìí kan tí ó gbajúmọ̀ wá láti Tàílándì ní ọdún 2001. Aboyún 70 ni wọ́n kó jọ; àwọn kan ń lo gíráàmù kan atalẹ̀ lóòjọ́ nínú kápúsù, wọ́n pín in sí ẹ̀ẹ̀mẹrin, àwọn yòókù ń lo òfìfo, fún ọjọ́ mẹ́rin. Nínú àwọn 32 tí wọ́n lo atalẹ̀ dé òpin, 28 sọ pé ara àwọn ti fúyẹ́. Nínú 35 tí wọ́n lo òfìfo, mẹ́wàá péré ni ó sọ bẹ́ẹ̀. Kí a kíyè sí àwọn mẹ́wàá wọ̀nyí, tí ara wọn fúyẹ́ láìlo nǹkan kan. Ìwádìí mìíràn láti Dẹ́ńmáàkì, tí ó jáde ní ọdún 1991, rí èrè atalẹ̀ pàápàá láàárín àwọn aboyún tí èébì wọn le débi pé wọ́n gbà wọ́n sí ilé ìwòsàn, ṣùgbọ́n nǹkan bí ọgbọ̀n obìnrin péré ni ó wà nínú rẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà aboyún ní Amẹ́ríkà, ACOG, ti ka atalẹ̀ mọ́ ohun tí a lè gbìyànjú fún ìrìndọ̀ oyún. Síbẹ̀, nígbà tí ẹgbẹ́ Cochrane, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa gbé ìwádìí ìṣègùn yẹ̀ wò, kó gbogbo ìwádìí lórí ọ̀rọ̀ náà jọ ní ọdún 2015, wọ́n ní ẹ̀rí náà ṣì kéré, kò sì fi gbogbo ibi bára mu. Ọ̀rọ̀ méjèèjì kò tako ara wọn: ẹgbẹ́ dókítà ń sọ ohun tí aboyún lè fi ìfọ̀kànbalẹ̀ gbìyànjú, Cochrane ń sọ bí ìdánilójú náà ti nípọn tó.

Ti ìrìnàjò ni ó ń da àwọn òǹkàwé láàmú jù. Ní ọdún 1982, ìwádìí kan fi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ 36 tí òòyì máa ń tètè kọ́ sórí àga tí ń yí, atalẹ̀ sì ṣe dáadáa ju oògùn òyìnbó tí wọ́n fi wé e lọ. Ní ọdún 1988, wọ́n fún àwọn ọ̀dọ́ ológun ojú omi Dẹ́ńmáàkì 80 ní atalẹ̀ tàbí òfìfo lórí òkun tí ń ru. Atalẹ̀ dín èébì àti òógùn tútù kù, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ tí ó wà nínú ìrìndọ̀ fúnra rẹ̀ kò tó ohun tí a lè gbára lé. Ní ọdún 1991, àwọn olùwádìí mìíràn tún lo àga tí ń yí, wọn kò rí àǹfààní atalẹ̀ kankan. Ẹni tí ó fẹ́ ta atalẹ̀ yóò ka ti 1982 fún ọ, ẹni tí kò fẹ́ gbà yóò ka ti 1991. Lójú tèmi, ẹ̀rí ti ìrìnàjò kò tíì fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Ní ti àwọn tí ń gba oògùn jẹjẹrẹ, ìwádìí ńlá kan ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n tẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn ìmọ̀ ní ọdún 2012, gbé èsì aláìsàn 576 yẹ̀ wò. Gbogbo wọn ni ó ń gba oògùn ilé ìwòsàn fún èébì. Àwọn kan fi atalẹ̀ kún un, láti ìdajì gíráàmù sí gíráàmù kan ààbọ̀ lóòjọ́. Ìrìndọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́ dín kù lára àwọn tí ó lo atalẹ̀, ìdajì gíráàmù àti gíráàmù kan ni ó sì dára jù. Àlékún lé ìyẹn kò fi nǹkan kan kún èrè rẹ̀. Èébì kò dín kù. Ibí ni ìyàtọ̀ tí a ṣe níbẹ̀rẹ̀ ti wúlò, nítorí àkọlé ìròyìn kan lè sọ pé atalẹ̀ ṣiṣẹ́ kí òmíràn sì sọ pé kò ṣiṣẹ́, kí àwọn méjèèjì sì máa sọ nípa ìwádìí kan ṣoṣo. Nígbà tí àwọn ará Ítálì wá dán èròjà atalẹ̀ wò láàárín àwọn tí ń gba cisplatin, ọ̀kan lára àwọn oògùn jẹjẹrẹ tí ó ń mú èébì wá jù, èsì wọn ti ọdún 2017 kò fi ìyàtọ̀ pàtàkì hàn.

Ban xia ńkọ́?

Bí a bá ní kí àwọn oníṣègùn Ṣáínà mú egbòogi kan ṣoṣo fún èébì, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni yóò mú ban xia ṣáájú atalẹ̀. Ìdílé kan náà ni ewéko yìí àti kókò ti wá, ó sì ní àwọn abẹ́rẹ́ wínníwínní tí ó ń mú kí kókò tí kò jinná yún ni lọ́fun; ti ban xia le jù bẹ́ẹ̀ lọ, tútù rẹ̀ lè mú kí ahọ́n àti ọ̀nà ọ̀fun wú. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń rẹ ẹ́, tí wọ́n ń sè é pẹ̀lú atalẹ̀ àti álọ́ọ̀mù kí wọ́n tó lò ó, tí ìjọba Ṣáínà sì ka tútù rẹ̀ mọ́ àwọn egbòogi olóró tí wọ́n ń ṣọ́ títà wọn.

Àwọn ìdánwò lára ẹranko fi hàn pé ban xia tí wọ́n ti sè lè dín èébì kù. Lára ènìyàn, ẹ̀rí náà kò mọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Púpọ̀ nínú ìwádìí lórí Xiao Ban Xia Tang àti àwọn ìbátan rẹ̀ ni wọ́n ṣe ní Ṣáínà pẹ̀lú aláìsàn díẹ̀; wọ́n sábà máa ń fi kún oògùn ilé ìwòsàn, aláìsàn sì mọ ohun tí òun ń mu. Nítorí pé atalẹ̀ wà nínú àgbo náà, kò rọrùn láti mọ ẹni tí ó yẹ kí a dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìṣòro kan tún wà tí a kò gbọ́dọ̀ fi pamọ́. Ní ọdún 1998, àwọn olùwádìí kan ṣe àyẹ̀wò ìwádìí lórí abẹ́rẹ́ ìbílẹ̀ Ṣáínà (acupuncture), èyí tí wọ́n ń gún mọ́ ara láìsí oògùn nínú rẹ̀, láti orílẹ̀-èdè oríṣiríṣi, wọ́n sì rí i pé gbogbo èyí tí ó ti Ṣáínà wá ni ó sọ pé ìtọ́jú náà ṣiṣẹ́. Kò sí ìtọ́jú tí kì í kùnà rí nínú ìdánwò, nítorí náà ó ṣeé ṣe kí àwọn èsì tí kò dára máa ṣègbé sínú àpótí. Abẹ́rẹ́ ni wọ́n yẹ̀ wò níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ó mú wa ṣọ́ra nípa egbòogi náà.

Aboyún gbọ́dọ̀ fi ọgbọ́n ṣe é. Jin Gui Yao Lüe kan náà fi ban xia sínú oògùn oníhóró kan fún aboyún tí èébì rẹ̀ kò dáwọ́ dúró, bẹ́ẹ̀ ni àwọn oníṣègùn Ṣáínà tí ó wá lẹ́yìn kà á mọ́ ohun tí aboyún gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún. Nígbà tí àwọn tí ó ni ìmọ̀ náà kò tíì fẹnu kò, tí ìwádìí tí ó dájú kò sì sí, kò sí ìdí tí aboyún yóò fi rà á fúnra rẹ̀.

Àwọn yòókù ńkọ́?

Ẹ̀rí fún chen pi, fu ling àti zhu ru, bí ẹnì kan bá lò wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún ìrìndọ̀, kéré gan-an. Àpòpọ̀ kan tí wọ́n ti fi ọwọ́ pàtàkì mú ni Liu Jun Zi Tang, tí ó kọjá sí Jàpáánù, tí wọ́n ń pè ní rikkunshito níbẹ̀. Egbòogi mẹ́jọ ni ó wà nínú rẹ̀, ban xia, chen pi àti atalẹ̀ sì wà lára wọn. Ní Jàpáánù, dókítà tí ó kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn òyìnbó ni ó ń kọ ọ́ fún aláìsàn, ètò ìlera ìjọba sì ń san nínú owó rẹ̀. Ní ọdún 2008, wọ́n rí i pé cisplatin ń dín hómònù ebi tí à ń pè ní ghrelin kù lára eku, àti pé rikkunshito dá a padà. Àwọn ìwádìí lára ènìyàn tí ó tẹ̀lé e kéré, èsì wọn sì fún ni nírètí díẹ̀, pàápàá fún àìfẹ́ jẹun.

Ṣé pípẹ́ tí oògùn ti pẹ́ kò tó ẹ̀rí ni?

Àpẹẹrẹ kan wà tí ọ̀pọ̀ ilé ní Nàìjíríà mọ̀ láìmọ̀ pé Ṣáínà ni ó ti wá: artemisinin, èròjà tí ó wà nídìí àwọn oògùn ibà tí à ń rà ní kẹ́mísì. Ìwé Ge Hong, oníṣègùn Ṣáínà àtijọ́, ti bí 1,600 ọdún sẹ́yìn ni ó ti sọ pé kí wọ́n rẹ qinghao, ewéko tí artemisinin ti wá, sínú omi, kí wọ́n fún un, kí aláìsàn ibà sì mu omi rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ni ó mú kí Tu Youyou, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Ṣáínà, ronú pé bóyá iná ni ó ń ba èròjà náà jẹ́, tí ó fi yọ ọ́ láìlo ooru púpọ̀. Ó gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2015. Àwọn olùtajà máa ń fi ìtàn yìí ti gbogbo oògùn Ṣáínà lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ Tu Youyou yẹ egbòogi púpọ̀ wò kí wọ́n tó dúró lórí qinghao. Ìwé àtijọ́ sọ ibi tí wọ́n lè wò fún wọn, ìdánwò ni ó sì sọ èyí tí ó ṣiṣẹ́.

Ewu wo ni ó wà níbẹ̀?

Ohun tí ó wà nínú páálí lè yàtọ̀ sí ohun tí wọ́n kọ sí ara rẹ̀. Ní Bẹ́ljíọ̀mù, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, àwọn obìnrin tí ń lo egbòogi Ṣáínà kí wọ́n lè dín sísanra kù bẹ̀rẹ̀ sí í pàdánù kíndìnrín wọn. Wọ́n fẹ́ lo ewéko tí ń jẹ́ han fang ji, ṣùgbọ́n ewéko mìíràn, guang fang ji, tí orúkọ rẹ̀ jọ ọ́, ni ó bọ́ sínú oògùn náà, aristolochic acid, èròjà tí ó ń ba kíndìnrín jẹ́, sì wà nínú rẹ̀. Ó ju ọgọ́rùn-ún ènìyàn lọ tí ó fara gbá, jẹjẹrẹ sì yọ lára àwọn kan nínú wọn lẹ́yìn náà. Oògùn tí ń dín sísanra kù ni ìyẹn, síbẹ̀ ọ̀nà kan náà ni èyíkéyìí nínú àwọn egbòogi wọ̀nyí ń gbà dé ọjà.

Ní Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé nọ́ńbà NAFDAC lára oògùn ìbílẹ̀ túmọ̀ sí pé oògùn náà ń wo àìsàn tí wọ́n kọ sí i. Kí wọ́n ka ara páálí náà dáadáa: wọ́n sábà máa ń kọ ọ́ síbẹ̀ pé NAFDAC kò tíì yẹ ohun tí olùtajà sọ pé oògùn náà ń ṣe wò.

Ta ni ó lè lo kí ni?

Aboyún tí inú ń rìn, ṣùgbọ́n tí ó ń jẹun díẹ̀díẹ̀ tí omi sì ń dúró sí i níkùn, lè gbìyànjú atalẹ̀ tí kò ju gíráàmù kan lọ lóòjọ́ bí ó bá jẹ́ gbígbẹ lílọ̀, kí ó sì sọ fún nọ́ọ̀sì tàbí dókítà tí ó ń tọ́jú oyún rẹ̀. Bí ó bá pọ̀ jù, ó lè mú kí àyà máa ta ènìyàn. Ẹni tí ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, irú bíi warfarin, gbọ́dọ̀ béèrè lọ́wọ́ dókítà kí ó tó máa lo atalẹ̀ bí oògùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èyí tí a fi sínú ọbẹ̀ kò ní wàhálà. Alárùn jẹjẹrẹ lè fi í kún oògùn ilé ìwòsàn, kò gbọ́dọ̀ fi í rọ́pò rẹ̀. Kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni lo ban xia láìjẹ́ pé ẹni tí ó kọ́ṣẹ́ náà ni ó fún un, tí ó sì mọ̀ dájú pé wọ́n ti sè é.

Aboyún tí omi lásán kò dúró níkùn rẹ̀, tí ìtọ̀ rẹ̀ ti pọ́n tí kò sì pọ̀ mọ́, tàbí tí ó ń rù, nílò omi tí wọ́n ń fà sí iṣan ní ilé ìwòsàn, lọ́jọ́ náà gan-an. Bákan náà ni ẹni tí ibà, orí fífọ́ líle, inú rírun tàbí ẹ̀jẹ̀ bá bá èébì rẹ̀ rìn, nítorí lágbègbè wa, ibà ẹ̀fọn tàbí táífọ́ọ̀dù lè wà nídìí rẹ̀, atalẹ̀ kò sì ní ọwọ́ nínú ìwòsàn ìyẹn.